Àyẹ̀wò Tí Ìyá Rẹ Kò Ṣe

Ọmọ mi àgbà,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Ajé, ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lónìí. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí olùkọ́ tó ń bá mi kọ̀wé fi ṣáájú, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti wá. Kí ara ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ le. Èmi ṣì ń mí.

O rántí ọdún tí àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ilé ìfọṣọ tí ìyá rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kòkòrò kan wà tí ọkùnrin ń kó ran obìnrin lórí ibùsùn, pé ó lè sùn sí ẹnu ilé-ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdunni, kó tó di jẹjẹrẹ. Wọ́n fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní igi olówùú, pé kó lọ fi nu abẹ́ ara rẹ̀ nílé, kó dá a padà nínú ìgò. Mo ní, "Ta ló ń ṣàìsàn níbí? Ìyàwó tèmi kò ní ṣe é." Ọ̀gá ilé ìfọṣọ sì ń ka ìgò, kó lè mọ ẹni tí kò dá tirẹ̀ padà. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ, ó gbé igi náà fún ọ. Ìwọ lo lò ó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìgò. Ìwé èsì dé pé kò sí nǹkan kan. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún keje lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára ìyá rẹ. Mo ní, "Ìwé ti ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ́, má yọ mí lẹ́nu." Ìwé yẹn náà ló fi han dókítà, torí ojú ń tì í. Dókítà gba ìwé náà gbọ́, oṣù mẹ́rin lọ síbẹ̀.

Èmi ni mo kó kòkòrò náà wálé nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ ẹrù. Mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni ìwé yẹn. O jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, o dákẹ́.

Wọ́n ti wá pe àbúrò rẹ fún irú àyẹ̀wò yẹn níbi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní òun kò ṣe. Ó ní, "Ṣebí Màmá ṣe é, wọ́n ní kò sí nǹkan. Kí ló wá pa wọ́n?" Mo sọ òtítọ́ fún un, ó ní mò ń purọ́ mọ́ òkú, ó tilẹ̀kùn mọ́ mi. Kò jẹ̀bi. Lọ bá a, kó o sọ fún un pé ara tìrẹ ni wọ́n yẹ̀ wò. Bó bá gbá ọ létí, gbà á.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o sin àbúrò rẹ. Kí ilé rẹ tòrò.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ.

Àfikún: Ọjọ́bọ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì yóò gba ìgò níbi iṣẹ́ àbúrò rẹ. Mo ti ṣe ìwọ̀n tèmi, kò tó. Ọ̀rọ̀ di tìrẹ.