Férémù Mẹ́ta Lára Ògiri Bàbá Báyọ̀dé

Ìgándò, lọ́nà Ìkòtún,
Oṣù Karùn-ún, 1975.

Báyọ̀dé Àkànní, ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, má dìde. Bí ó bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́, wá nǹkan fi ìdí lé kí o tó kà á. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Èkó, mo sì kí ọ kú ìnáwó. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní gbàgbé ọ̀nà tí yóò mú ọ gbà wọlé. Ìyá rẹ Àtọ́kẹ́ kí ọ, ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́ díẹ̀. Àgbàdo wa ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, akọ kan abo kan. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ìròyìn mìíràn nílé bí kò ṣe ìtìjú.

O rántí pé nígbà tí o fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù yín ra ọkọ̀ ìjàpá rẹ, o ní onílé rẹ ní Mushin a máa já ìwé àwọn ayálégbé wò, pé àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ni o fún ìjọba. Ó dára bẹ́ẹ̀. O tún sọ fún wa lẹ́yìn ọdún tuntun pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti pè ọ́, wọ́n ti bi ọ́ ní ìbéèrè, àwọn tí wọ́n bá mú ni wọn yóò kọ́ láti máa wa ọkọ̀ òfurufú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀nà. Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ dé, tí mo rí ẹṣin méjì ìjọba lórí rẹ̀ àti ẹyẹ tó na apá, tí mo rí orúkọ rẹ tí ẹ̀rọ fi lẹ́tà ńláńlá tẹ̀, kí ni kí n rò? Mo lè ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ṣùgbọ́n ti òyìnbó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí nìkan ni mo mọ̀. Mo ní ẹyẹ yẹn kò lè wà níbẹ̀ lásán. Kò pẹ́ púpọ̀, ìwé kejì dé. A kò tíì jó ti kejì tán tí ẹ̀kẹta fi dé. Mo wá ṣàlàyé fún Àtọ́kẹ́ pé àkọ́kọ́ ni ti ìgbéra nílẹ̀, èkejì ni ti fífò lókè, ẹ̀kẹta ni ti bíbalẹ̀, àti pé ẹni tó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti gbà á tán nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi Múdàṣírù káfíńtà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìkòtún, ló ṣe férémù sí wọn, oní-gíláàsì. Ó ní ọwọ́ òun kò ní gba kọ́bọ̀ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kan ìṣó mẹ́ta sí pálọ̀. Àwòrán bàbá mi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo gbé e lọ sí yàrá kí àyè lè gba tìrẹ. Bàbá mi tí kò ṣẹ ìjọba rí títí ó fi kú ni mo gbé wọ yàrá. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wa, àga tó kọjú sí ògiri yẹn ni mo ń fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ àga náà kan ti yẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi ìdúpẹ́, a gbé férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì Ọlọ́runṣògo tan àbẹ́là yí wọn ká, ó lu agogo, ó gbàdúrà pé irú ìwé báyìí ni Báyọ̀dé yóò máa gbà lọ́tùn-ún lósì, pé yóò gbà á títí kò fi ní ríbi kó o sí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Tèmi ló ròkè jù.

Ọjọ́ náà gan-an ni Agnes ọmọ Wòlíì, èyí tó ń tẹ táípù ní Ìkejà, wá kí bàbá rẹ̀. Ó sún mọ́ férémù, ó kà á, ó sì fi apá sùtánà bo ẹnu. Mo rò pé Ẹ̀mí ló gùn ún, mo ní kó má tijú, kó yọ̀ dáadáa. Ó pè mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé ìwé ọlọ́pàá ni. Ó ní àkọ́kọ́ sọ pé o gbé ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú báǹkì kan níbi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e sí. Èkejì sọ pé o gba ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ti ń bọ̀, ìwọ ń lọ. Ẹ̀kẹta ní ọlọ́pàá na ọwọ́ pé kí o dúró, o kò dúró. Ó ní ìjọba ní kí o wá san owó ìtanràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o wá sí kóòtù.

Báyọ̀dé, ilẹ̀ Ìgándò le, kò lanu fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́ agbádá ni mo fi férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí délé bí olè ewúrẹ́, gíláàsì ń ró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń kí mi lójú ọ̀nà pé Bàbá Páílọ́ọ̀tì, ẹ kú oríire. Mo ń dá wọn lóhùn o. Kí ni kí n ṣe?

Múdàṣírù rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe férémù fún ìgbéyàwó, òun ti ṣe fún òkú, ti ẹ̀ṣẹ̀ ló kù, mo sì ti bá òun mú un wá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀, tó bi mí pé ṣé èyí kò ní ba ti ọkọ̀ òfurufú jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹni tí kò dúró fún ọwọ́ ọlọ́pàá nílẹ̀, ọwọ́ ta ni yóò dúró fún lójú sánmà? Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ, ṣé orí kùrukùru ni yóò gbé tòfurufú sí, tí yóò ní òun fẹ́ yà gba owó ní báǹkì?

O sì mọ̀ pé nílé wa, bí ọmọ bá ṣẹ̀, àgbà ló ń lọ bẹ̀bẹ̀. Mo kó Wòlíì àti Múdàṣírù jọ, a di iṣu, a mú àkùkọ kan, a wọ bọ́lẹ́kájà dé Dòpèmú, a sì ti ibẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Ìkejà. Wòlíì wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà, agogo lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì bi wá pé ta ló kú. Wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Ìbíyẹmí, tí ìlà wúrà wà léjìká rẹ̀. Kó tó béèrè ohun tó gbé wa wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dọ̀bálẹ̀. Mo to férémù sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní kó ṣàánú, pé ọmọdé ló ń ṣe ọ́, pé mo fi orí ara mi dúró pé o kò ní gbé ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ níwájú báǹkì.

Ó wo férémù náà títí. Ó ní ká dìde, ká jókòó. Ó ní ìwé ọlọ́pàá báyìí nìkan kò ní kí ènìyàn má wa ọkọ̀ òfurufú, bó bá san owó rẹ̀ tó sì kọ́gbọ́n, pé àwọn kan tó ń wà á lónìí ti gba irú rẹ̀ rí. Ó ní ṣùgbọ́n níwájú tábìlì yìí gan-an ni àwọn ti bi ọ́ bóyá ọ̀rọ̀ ti da ìwọ àti ọlọ́pàá pọ̀ rí, tí o ní ẹ kò tilẹ̀ kí ara yín rí. Ó ní ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó ní ẹni tí kò lè sọ pé òun kọjá ọwọ́ ọlọ́pàá, báwo ni yóò ṣe sọ fún àwọn pé òun gbọ́ ariwo kan nínú ẹ́ńjìnnì, nígbà tí èrò bá ti jókòó sẹ́yìn tí gbogbo wọn ń kánjú?

Wòlíì rọra gbé agogo rẹ̀ sábẹ́ àga. Ìgbà náà ló yé mi pé kì í ṣe pé mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ọ, ẹjọ́ rẹ ni mo wá fi sùn. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé kó ṣe bí ẹni pé a kò wá. Ó ní ojú òun ti rí férémù. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ díẹ̀, ó ní òun kò tíì sọ fún àwọn yòókù, pé wọn yóò tún jókòó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá kí ó tó di ọjọ́ náà, tí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, tí o sì ti san owó ìjọba, òun yóò bá ọ gbé e yẹ̀ wò. Bí o kò bá wá, orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Kò gba àkùkọ wa. Ó kàn ní iṣẹ́ férémù náà dára, Múdàṣírù sì tún dọ̀bálẹ̀ fún ìyẹn.

Báyọ̀dé, lọ. Má rán Agnes, má rán ọ̀rẹ́, má ní o fẹ́ kọ̀wé. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, jẹ́ kó di ẹ̀yìn Ọjọ́bọ̀. Ojú tì mí nítorí rẹ, ojú sì tì mí sí ọ. Ìyá rẹ ní ẹrù tí ẹni méjì bá jọ gbé a máa délé.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ti ìjọba ni kí o kọ́kọ́ san. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, fi owó ọkọ̀ àwọn àgbà ránṣẹ́, nítorí Wòlíì ní Ẹ̀mí kò fi hàn òun pé òun ni yóò san tòun. Fi díẹ̀ kún un fún òróró tí ìyá rẹ ń fi pa orúnkún. Kí o sì fún ìjọba ní àdírẹ́sì onílé rẹ. Jẹ́ kó máa já a wò.

Mo ti dá àwòrán bàbá mi padà sí ògiri. Mo yọ ìṣó kan. Ọ̀kan yòókù wà níbẹ̀ lásán, n kò yọ ọ́, bóyá ìwé mìíràn yóò dé. Múdàṣírù ní òun kò ní gba owó férémù bó bá kan ìyẹn náà, ṣùgbọ́n Agnes ni yóò kọ́kọ́ kà á.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ dé Ìkejà àti ẹnu tí yóò sọ òótọ́ níbẹ̀. Yóò gbé ọ sókè, yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Mo ti ṣe àmín sí i. Jẹ́jẹ́ ni mo ṣe é lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Táyéwò Àjíṣafẹ́.