Aago Tó Ń Ka Ọ̀lẹ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, kò lójú rárá. Oṣù kẹta rèé tí rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún mi. Ọ̀lẹ ni mò ń pe apá náà. Lónìí, obìnrin tó ń wọn ọwọ́ wa nílé ìwòsàn — Aláago lèmi sọ ọ́ — gbé àpótí síwájú mi. Ìṣẹ́jú kan: kó igi kéékèèké láti ìhín sọ́hùn-ún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òsì kó mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọ̀lẹ kó mẹ́rin. Ọwọ́ tó gé aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún. Aláago ní bí kò bá sí ìyàtọ̀ títí ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n á fi àyè ìtọ́jú mi fún ẹlòmíì. Inú bí mi, mi ò kí i kí n tó lọ.

Ọjọ́rú, 5
Aláago so aago kan mọ́ Ọ̀lẹ lọ́rùn ọwọ́. Kì í fi àsìkò hàn mí; iye ìgbà tí apá bá mira ló ń kà, ó sì ń pa wákàtí rẹ̀ àti bó ṣe ga tó mọ́ sínú. Ó ní òun ti rí ohun tí mo lè ṣe níwájú òun, èyí tí mò ń ṣe nílé lòun fẹ́ mọ̀. Nílé kẹ̀? Mo kàn ń gbé e kiri ni.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Àlùmọ́gàjí mi wà lára ìṣó, ó ń wò mí.

Àbámẹ́ta, 8
Mo bọ́ aago láti wẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó tún rí i, lójú fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 10
Aláago yẹ aago wò. Ẹgbẹ̀rún méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nìkan. Ó ní Bàbá ń ṣe bẹbẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Orí àga ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ló fọ aṣọ agbọ̀n mẹ́ta.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo bi ìyàwó mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun fi aago sọ́wọ́ fọṣọ. Ó ní bí wọ́n bá lé mi, ta ló tún máa tọ́jú ọwọ́ mi? Mo jágbe mọ́ ọn, ó sunkún. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, 12
Mo jẹ́wọ́ fún Aláago. Ó pa iye Àbámẹ́ta rẹ́, ó tún aago so. Ọjọ́ méjì ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 13
Aago méjì ọ̀sán. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Iṣẹ́ ti tán an lókun, ó ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Eṣinṣin kan ń yọ ọ́ lẹ́nu — mo ti lé e. Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ tó bá jí.

Ẹtì, 14
Ọ̀lẹ kó igi márùn-ún. Ẹyọ kan péré ló fi lé. Aago ka mọ́kànlélógójì lánàá. Aláago ní ó kéré. Ló bá béèrè kí ni mo ṣe ní aago méjì ọ̀sán, pé apá lọ sókè pátápátá. Mo ní kò sí nǹkan kan, mo kàn lé eṣinṣin lójú ìyàwó mi ni.

Ó ní ọwọ́ wo?

Mo ronú padà sí aago méjì àná. Bíírò wà lọ́wọ́ òsì. Ìwé yìí ni mò ń kọ.

Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.