Síìpù Ni Ọ̀gá Rẹ, Èmi Ńkọ́?

Bọ́tìnnì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé wọn ò fi iṣẹ́ pa ọ́ níbẹ̀? Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì sá kúrò nílé. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí bọ́tìnnì tí o gbé mì nígbà tí o ṣì ń rákòrò pa ọ́, òun náà ni kò ní jẹ́ kí ohunkóhun há ọ lọ́fun ní ìlú ńlá. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní orúnkún òun ti ń san díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí n má kọ ìkọkúkọ sínú lẹ́tà yìí. Mo ti gbọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà kí ọ, ó ṣì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti ń jò níbi tí mò ń kó aṣọ tí mo ti rán tán sí, mo wá kó wọn lọ síbi tí èyí tí n kò tíì rán wà, mo sì kó èyí tí n kò tíì rán sórí àga rẹ, nítorí kò kúkú sí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bírò nìyí. Síìpù, télọ̀ òdìkejì títì, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ nítorí kì í padé, ó ní o fi ìwé síífíì rẹ ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Mo bi í pé báwo ni odindi ìwé ṣe gba inú fóònù kọjá tí kò rún. Ó ní ojú mi kò là. Ó gba ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lọ, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó tinrin, ó sì gbé e kọ́ sókè dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, kí ẹni tó bá ń wo ara rẹ̀ lè wo òun náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé o kọ orúkọ ẹlẹ́rìí méjì sínú rẹ̀, mo ké sí ìyá rẹ. Mo ní kí ni ọmọ mi jí? Ìyá rẹ ti wé gèlè kí a máa wá ọ bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Onígbàjámọ̀ ló dá wa padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kì í ṣe ẹjọ́, ìwé tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ ni síífíì, ó ní ayé ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan wá iṣẹ́ mọ́, ẹni méjì gbọ́dọ̀ bá a sọ pé èèyàn gidi ni. Mo ní ó dáa, àwọn wo wá ni ẹni méjì náà? Ó lọ ka ìwé náà lókè dígí, ó bọ̀. Ó ní ọ̀kan ni ọ̀gá rẹ níbi tí o wà báyìí. Ó ní èkejì ni Síìpù. Ó ní o kọ ọ́ gbangba pé ọ̀gá rẹ nídìí iṣẹ́ aṣọ ni.

Bọ́tìnnì, mo jókòó.

O rántí pé lẹ́yìn tí o jáde ilé-ìwé, ọdún kan gbáko ni o fi bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ lò ń lọ aṣọ, ìwọ lò ń rán bọ́tìnnì, ìwọ lò ń di téèpù mú nígbà tí mo bá ń wọn ìyàwó alápatà, nítorí ọwọ́ mi nìkan kò ká a. Mo bi Onígbàjámọ̀ pé níbo ni ọdún yẹn wà nínú ìwé. Ó tún lọ wò ó, ó ní kò sí. Ó ní oṣù mẹ́ta tí o fi sọdá sọ́dọ̀ Síìpù ló wà níbẹ̀, lẹ́tà dúdú kirikiri. Oṣù mẹ́ta! Ìgbà tí ó ra ẹ̀rọ oníná tí o ní o fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé òwú ni ó ń rán ọ lọ rà láàárọ̀, tí ó tún ń rán ọ padà lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Òun ni ọ̀gá, èmi ni kí ni?

Ìyá rẹ ní òwú tó wà lọ́wọ́ mi kò tó owú tó wà nínú mi. Mo ní kò sí owú nínú mi o, mo kàn ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù ni. Ó ní láti òwúrọ̀ tí mo ti ń gbá ojúkan náà, ó ku díẹ̀ kí n kan omi.

Nígbà tí o wá pè lórí fóònù ìyá rẹ, o ní ìwé ọ̀hún ti sú ìwọ gan-an. O ní bí o bá tún un ṣe tán lónìí, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n ní ti àtijọ́ ni. O fi fọ́tò sí i, wọ́n ní àwọn kì í gba fọ́tò mọ́. O yọ fọ́tò, wọ́n ní àwọn ò mọ ojú rẹ. Wọ́n ní kó má ju ojú ewé méjì lọ, wọ́n tún ní kí o má fi ohunkóhun pamọ́. Àánú rẹ ṣe mí. Mo ní ẹ̀bi rẹ ni díẹ̀, nítorí a kì í gé aṣọ ọmọ tó ń dàgbà ní rẹ́gí, ó yẹ kí o ti ká díẹ̀ pamọ́ sínú etí rẹ̀, tí o bá ń ga sí i, kí o máa tú u sílẹ̀. O ní Bàbá, ìwé kọ́ ni aṣọ. Ó dáa, a ti gbọ́, ọ̀mọ̀wé.

Mo wá fi ọgbọ́n bi ọ́ léèrè ọdún tèmi. O ní tí o bá kọ ọ́ síbẹ̀, wọn ò ní kà á kún iṣẹ́, ihò ni wọ́n máa pè é, bí ẹni pé o kàn jókòó lásán lọ́dún náà, o sì ní wọn kì í gba ẹ̀rí lẹ́nu bàbá, nítorí bàbá kò ní sọ aburú ọmọ rẹ̀.

Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Èmi tí mo máa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún gbogbo àdúgbò kí n tó fọ ẹnu! Kí wọ́n pè mí. Mà á sọ fún wọn pé o máa ń sùn lọ́sàn-án, tí itọ́ rẹ ń kán sórí aṣọ oníbàárà. Mà á sọ pé o ti rán apá aṣọ mọ́ ojú ọrùn rí, tí o sì bá mi jiyàn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán an nísinsìnyí. Onígbàjámọ̀ ní o tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí o fẹ́ràn jù ni ìwé kíkà àti odò wíwẹ̀. Ìwọ? Ìwọ tí a máa ń fi pàṣán lé dé ìdí kọ̀ǹgà? Síìpù kò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, ta ló tó bàbá?

Síbẹ̀ mo gbé e mì. Àfi bí Síìpù ṣe wá ń fi kún un. Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé èmi ni mo bí ọmọ tó wà lókè dígí yẹn, Síìpù á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni bàbá, èmi ni ọ̀gá.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo sọdá lọ yá ẹfun ìlà aṣọ tí n kò nílò, ni fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin kan ni, láti ilé-iṣẹ́ tí o kọ̀wé sí. Síìpù yí ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo títì lè gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Obìnrin náà ní ṣé ọmọ yìí máa ń parí iṣẹ́ lásìkò? Síìpù ní há à, ó ní bí òun ṣe kọ́ ọ nìyẹn, nítorí ní ti òun, àdéhùn ni ayé òun.

Àdéhùn, Bọ́tìnnì! Síìpù! Bí ó ṣe sọ ọ́ tán gẹ́lẹ́ ni Nọ́ọ̀sì wọlé, ẹni tí Síìpù ti gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà òjò, tó jẹ́ pé lọ́la, lọ́la ni ó ń sọ fún un. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ àdéhùn níbẹ̀ yẹn, ẹ gbé e fún mi kí n bá a sọ tèmi.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ti fẹ́ fa àga fún Nọ́ọ̀sì kó lè rí ibi jókòó bú u dáadáa. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí ìwé náà lókè dígí, tí mo rántí pé orúkọ ọmọ mi ló wà nínú fóònù yẹn, pé bí Síìpù bá di òpùrọ́, ìwọ náà di ọmọọṣẹ́ òpùrọ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbá báàgì Nọ́ọ̀sì mú, mo ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta, èmi ni mà á rán an, lọ́fẹ̀ẹ́, kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní kí n búra. Mo fi sísọ́ọ̀sì mi búra. Ní títì ni mo ti gbọ́ tí obìnrin náà ń béèrè pé ariwo kí nìyẹn. Síìpù ní oníbàárà kan ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Mo lọ gba aṣọ náà lọ́wọ́ Síìpù, mo rán an. Mo gbé e fún Nọ́ọ̀sì nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Ṣé o rò pé ó parí síbẹ̀? Nọ́ọ̀sì ti ròyìn kiri. Ìyàwó awakọ̀ dé, olùkọ́ oníṣirò dé, gbogbo ẹni tí Síìpù jẹ ní àdéhùn ń gbé ọ̀rá aṣọ wọn sọdá wá bá mi. N kò lè lé wọn, nítorí obìnrin inú fóònù ní àwọn yóò tún pè kí oṣù tó parí, ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan yà wo ibẹ̀. Bí ẹni náà bá dé tí ó bá àwọn oníbàárà tí wọ́n ń bú Síìpù ńkọ́? Nítorí náà, èmi ni mò ń rán gbogbo aṣọ tí ó fi falẹ̀. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń sọ fún ará ayé pé òun kì í pẹ́. Àná, ó ní kí n tètè ṣe ti ìyàwó awakọ̀, kí n má ba orúkọ òun jẹ́. Ìwọ ń tún ìwé ṣe, èmi ń tún ẹlẹ́rìí rẹ ṣe, tìrẹ sì sàn, ìwé rẹ kì í pàṣẹ fún ọ.

Bí o bá rí nǹkan fi ránṣẹ́, òwú funfun ti tán nílẹ̀, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti já, mo fi okùn so ó, páànù òrùlé náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ìyá rẹ ní kí o má gbàgbé oògùn orúnkún òun. Ohun kan tún wà tí kò níí ná ọ lówó púpọ̀. Bá mi tẹ síífíì kan tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀, tí ọdún tèmi wà nínú rẹ̀. Má fi ránṣẹ́ sí wọn, má jẹ́ kí wọ́n rí i rárá. Mo kàn fẹ́ gbé e kọ́ ni. Kí ó tóbi ju ti Síìpù lọ díẹ̀.

Wàá rí ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ nínú ẹrù tí mo fi rán awakọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sóde, kí o wo àwọn ìlà tó wà níbẹ̀, ibi tí mo ti ń tú etí rẹ̀ sílẹ̀ bí o ṣe ń ga. Èyí tí kò jìnnà sí ìkejì rẹ̀, ọdún tí àìsàn dá ọ wó nìyẹn. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, o ti jáde ilé-ìwé nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù mi ni ò ń wọ̀ ọ́ wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní ihò nìyẹn. Mú un dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló rán an, má dárúkọ bàbá, kí wọ́n má baà ní wọn ò gbà. Sọ pé télọ̀ kan ládùúgbò yín ni.

Iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́ kéré, téèpù rẹ̀ yóò já. Ibi tí o bá dé, àyè yóò gbà ọ́, yóò tún ṣẹ́ kù.

Èmi ni,
télọ̀ kan ládùúgbò yín.