Ọwọ́ Kẹ́hìndé ní Èjìká Mi

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Sídí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Festac, l'Ékòó, kí n tó mú bírò. Bàámi, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ìyá àgbà, ṣé ara le? Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ọmọ ilé, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ọ̀rọ̀ mi ti bá yín. Mo mọ̀ pé Tíṣà máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún gbogbo agboolé lọ́jọ́ tó bá dé. Bí mo bá fi lẹ́tà sínú àpò ìwé, ẹnì kan ni yóò kà á fún yín ní kọ̀rọ̀, yóò sì máa fo ibi tó bá rò pé yóò mú yín sunkún. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fo ìkankan.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Láti ìgbà tí Kẹ́hìndé ti fi wá sílẹ̀, Màámi, ni ẹ ti ń ránṣẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ fọ́tò ni mo wá kọ́, kí n ya èmi àti ìkejì mi pọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yà á fún àwọn ìyá ìbejì tí ọ̀kan ti lọ, kí ẹ lè rí i fi kọ́ sára ògiri. Dírẹ́bà tó ń ti ọ̀dọ̀ yín ní Ìkìrun wá sí Mile 2 ti jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún mi títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ tó rí mi kẹ́yìn, kò tiẹ̀ dúró kí mi dáadáa. Ó ní ṣé kí òun kúkú lọ sọ fún Ìyá Ìbejì pé ọmọ wọn ti ya odi ni?

Kì í ṣe ìgbéraga, Màámi. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ ò tíì rí ibi iṣẹ́ mi rí. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Làmídì ọ̀gá mi wà ní Kuje ti Èkó níhìn-ín, kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé. Bí ìyá ìbejì bá gbé ọmọ tó kù wá, ọ̀gá á gbé ọmọ náà sí apá òsì àga gbọọrọ, á yà á. Wọ́n á tún gbé e sí apá ọ̀tún, ọ̀gá á tún yà á. Ìyókù di tèmi nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Màá fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, màá tan iná sí ìdajì kejì kí ojú àkọ́kọ́ lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, màá bo ibi tó ti gba iná, màá ṣí ìyókù, màá fi ojú kejì sí i. Bí mo bá rọra gbé páálí náà, kò ní sí ìlà láàárín. Ọmọ kan á di méjì nínú omi níwájú mi. Ìyá rẹ̀ á gbà á, á sì kí àwọn méjèèjì.

Nínú òkùnkùn yẹn, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ìta ni ìṣòro mi wà. Nígbà tí mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ní kí n lọ ya ìkómọ kan ní Amúwo. Fíìmù kò kọ́ mọ́ eyín kámẹ́rà, mi ò sì mọ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lásán láti òwúrọ̀ títí àwọn àlejò fi jẹun tán. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú rẹ̀. Bàbá ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bi ọ̀gá mi pé ṣé afọ́jú ló kù tó lè rán sí òun. Ìyá ọkọ, ìyá bàbá ọmọ náà tó tẹ̀ lé e wá, ló wá parí ẹ̀. Ó ní ká ní àgbò ìkómọ ni wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́ lọ́rùn, ì bá rí nǹkan yà kí wọ́n tó pa á.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà níwájú ènìyàn mọ́. Nígbà tí mo wálé wá sọ ọ́ fún Kẹ́hìndé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó máa ń sín ìyá ọkọ yẹn jẹ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló wá ní èmi tí òun rán ṣáájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò, mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó korò, mo sì tu ú dànù. Ó ní ẹnì kan kì í fi ìtọ́wò ẹyọ kan sọ pé ọbẹ̀ ò dùn. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ṣe nǹkan kan sí i.

Òjò ọdún yìí pọ̀ níhìn-ín. Omi dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, pákó la fi ń kọjá. Festac dára lójú, ilé tò lọ létòlétò, ọ̀nà ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n àwọn tí à ń jọ lo àtẹ̀gùn kan náà lè pàdé ẹni láàárọ̀ kí wọ́n má kí ẹni. Nígbà tí ìròyìn Kẹ́hìndé kàn mí, ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán nílé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn. Àwọn ènìyàn ń yà mí sílẹ̀ kọjá. Ọjà ti gbówó lórí, bébà fọ́tò pàápàá ti di ohun tí à ń wá kiri. Ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi, pé bí bébà bá pọ̀, màá ya tiwa.

Nígbà tó yá, ọ̀gá sọ fún mi pé bí oṣù bá parí, òun yóò fọ́ ògiri yàrá òkùnkùn. Kọ́lọ̀, fọ́tò aláwọ̀, ni gbogbo ayé ń fẹ́ báyìí, ẹ̀rọ ńlá nígboro ló sì ń fọ ìyẹn. Ẹ̀rọ kò mọ ọmọ tó kù yàtọ̀ sí ọmọ tó lọ, bí fíìmù ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Mo rí i pé bí yàrá yẹn bá lọ, fọ́tò tí ẹ ń bèèrè ti lọ títí láé nìyẹn. Mo bẹ ọ̀gá kó yà mí. Ó yà mí ní òsì, ó yà mí ní ọ̀tún, mo sì wọlé lọ tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìlà kankan.

Ọ̀gá wo fọ́tò náà, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ dáa. Ó tún wò ó. Ó ní, Táyé, Kẹ́hìndé dà? Ó ní Táyé méjì lòun rí, àwọn méjèèjì sì fajú ro bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Òótọ́ ló sọ. Kẹ́hìndé kò jókòó báyẹn rí. Ẹ wo gbogbo fọ́tò wa láti kékeré: orí rẹ̀ á tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, eyín rẹ̀ á hàn, ọwọ́ rẹ̀ á wà ní èjìká mi bí ẹni tó di mí mú kí n má sá lọ. Mo sọ fún ọ̀gá pé ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣe. Nínú fọ́tò ìbejì, nǹkan kan kì í kọjá àárín, ọwọ́ tó bá kọjá, páálí á gé e. Ó ní ṣé ọwọ́ tí wọ́n gé ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀? Màámi, mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fẹnu sọ yẹn: kí n gbìyànjú, kí ọwọ́ mi sì tún ba Kẹ́hìndé jẹ́ mọ́ yín lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá lọ ya ìgbéyàwó. Mo wọ ańkárá tí ẹ rán fún àwa méjèèjì. Mo ki fíìmù sínú kámẹ́rà kejì, mo ń wo kọ́kọ́rọ́ tó ń yí i títí ó fi dá mi lójú pé ó kọ́. Irin kékeré kan wà lára kámẹ́rà náà, bí a bá fà á wálẹ̀, á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, á fún ènìyàn láyè láti lọ jókòó kó tó yà á fúnra rẹ̀. Táyé ti wà nínú fíìmù ọ̀gá. Kẹ́hìndé ni mo ń wá.

Mo jókòó sí àyè rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ibi tí èjìká mi ì bá wà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹkún ni kámẹ́rà yà, ó sì yà á léraléra. Nígbà tí fíìmù kù díẹ̀ kó tán, mo sín ìyá ọkọ yẹn jẹ, bí Kẹ́hìndé ṣe máa ń ṣe é, mo sọ ọ̀rọ̀ àgbò yẹn sókè nínú ṣọ́ọ̀bù òfìfo. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín rẹ̀ ni, Màámi. Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Kámẹ́rà dún.

Nínú òkùnkùn, mi ò lo páálí gbọọrọ. Bíléèdì ni mo fi gé páálí bí apá náà ṣe nà, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Àkọ́kọ́ gé ọwọ́ náà ní ọrùn ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí. Mo sunkún lé e lórí, mo gé páálí mìíràn. Èyí tó tẹ̀ lé e dúdú bí igi tó jóná. Mo tún gé òmíràn. Mi ò dúró títí bébà fi tán.

Ọ̀gá bá páálí bébà lófìfo. Ó pariwo, ó ní ṣé mo fẹ́ kó òun sí gbèsè ni. Lẹ́yìn náà ló gbé fọ́tò tó gbẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀ iná, ó sì wò ó. Ó bi mí bí mo ṣe gé páálí náà, mo fi hàn án. Ó ní òun ò lè ta irú ẹ̀ fún oníbàárà, torí ìka rẹ̀ ti pòórá. Ó sì ní òun ò ní jẹ́ kí n fà á ya. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé kámẹ́rà fún mi pé kí n lọ ya ìkómọ mìíràn ní Amúwo. Ọwọ́ mi gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gé orí àbúrò bàbá ọmọ kúrò nínú ọ̀kan. Ọmọ náà lajú nínú òmíràn, ó ń wò mí tààrà. Wọ́n ní kí n tún padà wá nígbà ìgbéyàwó àbúrò wọn.

Dírẹ́bà yóò mú fọ́tò wa dé láàárín páálí méjì. Kẹ́hìndé ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dé èjìká mi, àmọ́ àwọn ìka ò hàn, èéfín ni wọ́n jọ. Ibi tí agbára mi mú un dé nìyẹn, mi ò sì ní ya òmíràn.

Àǹtí Sídí sọ fún mi pé bí àwọn ọmọ kéékèèké ilé wa bá bèèrè Kẹ́hìndé, ẹ máa ń sọ pé ó wá bá mi ní Èkó. Mo mọ ìdí rẹ̀, a kì í pe ikú mọ́ ìbejì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà ní Èkó, Màámi. Mò ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan fọ́tò yìí. Bí wọ́n bá bèèrè ibi tí ìka rẹ̀ wà, ẹ sọ fún wọn pé Kẹ́hìndé kò sí lọ́dọ̀ mi.

Ọlọ́run yóò rẹ̀ yín lẹ́kún. Ẹ̀mí Bàámi á gùn. Ìyá àgbà kò ní sunkún ọmọ mọ́. Gbogbo ilé, gbogbo ojúlé, mo kí yín o. Tíṣà, ẹ ṣé tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyé.