Ìlà Igi Ápù Méjì Tí Mo Gé

Manchester, oṣù kìíní, 1988

Ìyá Bùsọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, òtútù kò rí mi gbé ṣe. Àsìkò yìí ni wọ́n ń rẹ́wọ́ igi ápù. Mo ṣe é bí wọ́n ti kọ́ wa nípa kòkó ní Poly: mo gé gbogbo ẹ̀ka kúkúrú ara igi. Àṣé orí wọn ni èso ń so. Paul, olóko, wo ìlà méjì tí mo ti gé, ó ní, “Ògúndáre, o ti bá wa kórè ọdún yìí tán.” A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sinmi nílé títí igi yóò fi rúwé. Mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá bá mi. Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ déédéé.

Ọkọ rẹ,
Ògúndáre