Kòtò Ẹja Mi Tó Mọ́ Gaara

Agbolé Abọ́dúnrìn,
Ìkòsí, Kétu,
Ọ̀nà Ìkòròdú.
14 Ògún, 1957.

Àbúrò mi Sìfáwù,

Olúrántí ló ń bá mi kọ ọ́. Ọmọ Àrìnkẹ́ orogún mi ni, tíṣà ni ní Kétu. Ó dùn mí pé ọmọ tirẹ̀ ló mọ̀wé, kì í ṣe tèmi. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ṣé ara rẹ le? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àti kòkó rẹ̀? Àwa wà láàyè.

O mọ kòtò ẹja méjì tí olóògbé ọkọ wa gbẹ́ fún wa létí Odò Ògùn, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún Àrìnkẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹpìyà tirẹ̀ kún agbọ̀n mẹ́rin, tèmi kò kún ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹja lórí iná rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi.

Lóṣù tó kọjá, omi tèmi di àwọ̀ ewé, ó ki. Àrìnkẹ́ dúró létí rẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ gbìn sómi ni?" Gbogbo àwọn tó ń fọṣọ létí odò rẹ́rìn-ín.

Mo rántí bí a ṣe ń fi álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò omi kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Mo wá lọ òkúta aláwọ̀ aró tí ọkọ rẹ ń pò mọ́mi láti fi wọ́n kòkó nítorí àrùn, èyí tó bù fún mi níjọ́sí, mo dà á sínú kòtò. Ní ọjọ́ kẹta, omi mọ́ gaara. Mo pe Àrìnkẹ́ wá wò ó. Inú mi dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹpìyà mi léfòó.

Nígbà tí mo sọ débí, Olúrántí gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní àwọ̀ ewé yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ewéko ni, ó kéré débi pé ojú kò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun lẹja ń jẹ, òun ló sì ń fún wọn ní èémí lábẹ́ omi. Òkúta yẹn ló pa á, ló pa ẹja tẹ̀ lé e. Ó wá bi mí pé, "Ìyá, ṣé màmá mi ti gbọ́?"

Kò tíì gbọ́. Oṣù tó ń bọ̀ lodò yóò kún, omi tèmi yóò sì ṣàn wọ tirẹ̀. Mo ti fẹ́ dákẹ́, kí ẹja tirẹ̀ náà kú.

Kí ọkọ rẹ má ṣe fọ agolo òkúta yẹn sódò yín o. Bá mi kí i, kí o kí àwọn ọmọ.

Olúrántí, kí o tó gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, sọ fún ìyá rẹ kó fi amọ̀ dí ojú ìṣàn tó wà láàárín kòtò wa lónìí. Lẹ́yìn rẹ̀, sọ ohun tí mo ṣe fún àwọn tó ń fọṣọ, kí wọ́n má bu omi kòtò mi. Sì sọ fún ìyá rẹ pé kó má bu ẹja ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹ jọ mu ọmú kan náà,
Ìyá Sàláwù.