Ibi Tí Ìránṣẹ́ Ń Dúró

Whalley Range, Manchester
5 December 1991

Bọ̀dá mi Ọládipọ̀,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo kí Màmá, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Ọwọ́ mi tí iná jó níbi iṣẹ́ ti jinná, ẹ má ṣèyọnu.

Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ní kí n yé fi fàdákà ṣe ohun ìjọsìn fún àwọn Júù, pé ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ò gbọdọ̀ di ìránṣẹ́ wọn, kí n wálé wá ṣiṣẹ́ báǹkì. Ẹ má bínú, mi ò ní wálé.

Missis Adler, ìyá àgbà kan ní Prestwich, ló ní kí n ṣe ọ̀pá fìtílà fún àjọ̀dún wọn ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Ó ní àrà tuntun lòun fẹ́. Iná mẹ́jọ ló wà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé, mo gbé ti ọjọ́ kìíní ga jù, torí òun ni ẹ̀gbọ́n. Àwọn yòókù ń relẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dọ́gba, Fọlá. Ìránṣẹ́ nìkan ló ń ga." Iná kẹsàn-án tí wọ́n fi ń tan àwọn yòókù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo tún un ṣe, mo gbé ìránṣẹ́ ga ju gbogbo wọn lọ. Ó ti wà lójú wíńdò rẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ń dúró wò ó.

Ẹ bá mi fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́. Olúwa á dá gbogbo yín sí. Tí wọ́n bá béèrè mi, ẹ má purọ́. Ẹ ní ìránṣẹ́ àwọn Júù ni mí, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí ìránṣẹ́ ń dúró fún wọn.

Àbúrò yín,
Fọláwẹ̀mí